Emscher, Odò Tí Wọ́n Fi Rúbọ

Gbogbo àwa tí a jókòó lórí bẹ́ǹṣì líísè ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tàbí Tógò ni a mọ orúkọ Ruhr. Olùkọ́ yóò kọ ọ́ sójú pátákó, àwa náà yóò dà á kọ sínú ìwé wa: èédú, irin, iná ìléru, èèyàn yanturu, ọkọ̀ ojú omi lórí odò Rhin. Àwòrán ilẹ̀ inú ìwé náà máa ń fi odò méjì hàn, Rhin tó gbòòrò bí ọ̀nà ọba, àti Ruhr tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń ti ìlà oòrùn bọ̀ wá pàdé rẹ̀. Títí a fi jáde ìwé, títí àwa náà fi di ẹni tí ń dúró níwájú pátákó, a kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ odò kẹta tó gba àárín agbègbè yẹn gan-an kọjá, èyí tó gbé ẹrù gbogbo ilé iṣẹ́ wọ̀nyẹn sẹ́yìn fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Emscher ni orúkọ rẹ̀. Òun ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí.

Odò kékeré ni. Kìlómítà 83 péré ni gígùn rẹ̀, nígbà tí odò Ouémé tiwa lé ní 500. Ẹni tó bá mọ kẹ̀kẹ́ gùn lè bá a rìn láti orísun dé ẹnu rẹ̀ láàrin ọjọ́ méjì. Àwa olùkọ́ mẹ́ta tí a jọ lọ ní ìgbà ìsinmi lo ọjọ́ mẹ́rin, nítorí pé ọ̀kan nínú wa kì í rí afárá kó má dúró wò ó, ẹnì kejì kì í sì í rí pátákó ìkéde kó má kà á tán. Ẹ̀gbọ́n wa kan, ọmọ Kétu tó ti ń gbé ní Dortmund láti ohun tó lé ní ogún ọdún, ni ó gbà wá lálejò, tó sì bá wa wá kẹ̀kẹ́. Nígbà tí a sọ fún un pé odò ni a wá wò, ẹ̀rín ni ó kọ́kọ́ rín.

"Ẹ̀yin àbúrò mi, nínú gbogbo odò tó wà ní Jámánì, Emscher ni ẹ fi owó ọkọ̀ òfuurufú wá wò?"

Ẹ̀rín yẹn ní ìtàn lábẹ́, a óò dé ibẹ̀.

Orísun Emscher wà ní Holzwickede, ìlú kékeré kan tó wà ní gúúsù ìlà oòrùn Dortmund. Nínú agbàlá ilé àgbẹ̀ àtijọ́ kan ni omi náà ti ń sun, ilé onígi àti amọ̀ tí wọ́n kọ́ ní 1801. Omi ibẹ̀ mọ́, ó sì kéré débi pé ọmọdé lè fò ó kọjá láìsí ìrànlọ́wọ́. Láti ibẹ̀ ó wọ Dortmund, ó kọjá ní Castrop-Rauxel, Herne, Gelsenkirchen, Essen, Bottrop àti Oberhausen, kó tó dà sínú Rhin ní ẹ̀bá Dinslaken. Ìwọ̀ oòrùn ni ó kọjú sí jálẹ̀. Ruhr wà ní gúúsù rẹ̀, Lippe wà ní àríwá. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń lọ bá Rhin bí ọmọ ìyá mẹ́ta tí ìyá wọn ránṣẹ́ pè. Ní Castrop-Rauxel, ohun kan wà tí a kò rí irú rẹ̀ rí: odò ń gba abẹ́ odò kọjá. Ipa omi ńlá tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀ ojú omi láti Herne dé Rhin wà lókè, Emscher sì ń gba ihò abẹ́ rẹ̀ kọjá lọ bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n rí òun. Ọdún 1914 ni wọ́n ṣí ipa omi náà. Ọdún yẹn kan náà ni ogun dé, tí àwọn Jámánì fi ọwọ́ ara wọn ba ilé iṣẹ́ wáyà aláìlókùn tí wọ́n kọ́ sí Kamina lẹ́bàá Atakpamé jẹ́. Àwọn òǹkàwé wa ní ìhà ibẹ̀ mọ àwókù rẹ̀.

Kí èédú tó dé, odò tí kò mọ ìkánjú ni Emscher. Ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, omi kò mọ ibi tí ì bá gbà, nítorí náà ó ń lọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ejò tó yó. Gígùn rẹ̀ nígbà náà ju ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ. Bí òjò bá fi agbára rọ̀, odò kún bo pápá. Irà àti àbàtà ni apá púpọ̀ nínú etí rẹ̀, ẹ̀fọn pọ̀ níbẹ̀, ibà sì ń ṣe àwọn èèyàn. Ẹ jẹ́ kí a tún un sọ: ibà tí ẹ̀fọn ń fà, ní ilẹ̀ Jámánì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó gbà pé ilẹ̀ tiwa nìkan ni Ọlọ́run dá ibà sí lè fi èyí sọ́kàn. Nínú àbàtà yẹn ni àwọn ẹṣin ìgbẹ́ ń gbé, ẹṣin kúkúrú olóríkunkun, tí àwọn ará ibẹ̀ ń mú, tí wọ́n sì ń tà ní ọjà Crange, abúlé kan tó ti di apá kan ìlú Herne. Àwọn ẹṣin náà ti parẹ́ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ọjà kò parẹ́. Ó di ayẹyẹ ńlá tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún ní oṣù kẹjọ, tí èrò ń wọ́ lọ síbẹ̀ láti gbogbo agbègbè, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì rántí mọ́ pé ẹṣin ni ó bí i.

Láti ìdajì ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni kòtò èédú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ́tùn-ún lósì. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wọlé láti Pólándì àti láti àwọn ẹkùn ìlà oòrùn. Abúlé di ìlú láàrin ìran kan. Omi tí wọ́n ń fà jáde nínú kòtò, omi tí wọ́n fi fọ èédú, omi ilé iṣẹ́ irin, ìgbẹ́ àti ìtọ̀ gbogbo ìlú, inú Emscher ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Odò tí kò lè gbé omi òjò tirẹ̀, báwo ni yóò ṣe gbé èyí?

Ohun tó tún burú jù ni pé ilẹ̀ ń rì. A máa ń lo páálí bẹ́ǹṣónù láti ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́: ẹ fa ohun tó wà nínú páálí jáde, kí ẹ gbé ẹrù lé e lórí, ẹ ó rí bí òrùlé rẹ̀ yóò ṣe wọlé. Bákan náà ni, bí wọ́n bá wa èédú kúrò lábẹ́ ilẹ̀, òfìfo ni yóò kù. Òrùlé òfìfo yóò wó, ilẹ̀ tó wà lókè yóò sọ̀kalẹ̀ bá a, mítà kan níhìn-ín, mítà mẹ́wàá lọ́hùn-ún. Ibì kan wà tó ju ogún mítà lọ. Odò tí iwájú rẹ̀ rẹlẹ̀ lánàá yóò bá a lónìí pé iwájú ti ga ju ẹ̀yìn lọ. Omi ẹ̀gbin wá dúró, ó gbilẹ̀, ó wọ àgbàlá àwọn òṣìṣẹ́. Onígbáméjì àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun wọlé tọ̀ wọ́n. Ní 1901, jẹ̀funjẹ̀fun bẹ́ sílẹ̀ ní Gelsenkirchen láti inú omi ẹ̀rọ tí kò mọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ni ó dùbúlẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ni ó kú. Robert Koch fúnra rẹ̀, onímọ̀ tó ṣàwárí kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ, ni wọ́n pè wá ṣe ìwádìí.

Ọdún méjì ṣáájú àjàkálẹ̀ yẹn ni àwọn ènìyàn agbègbè náà ti jókòó. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 1899, ní ìlú Bochum, àwọn ìlú, àwọn oníkòtò èédú àti àwọn oníléeṣẹ́ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Emschergenossenschaft, tí a lè pè ní ẹgbẹ́ alájọni odò Emscher. Irú rẹ̀ kò sí ní Jámánì tẹ́lẹ̀. Ọdún 1904 ni òfin ìjọba fún un ní agbára tó kún. Ìlànà rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: odò kò mọ ààlà ìlú, nítorí náà ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni yóò máa ṣàkóso rẹ̀ láti orísun dé ẹnu, ẹni tó bá ń da ẹ̀gbin sínú rẹ̀, tàbí tó ń jẹ àǹfààní iṣẹ́ tí a ṣe sí i, ni yóò sì máa san owó, bí ìwọ̀n ẹ̀gbin rẹ̀ bá ti tó.

Kí ni ẹgbẹ́ náà wá pinnu? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wa wà.

Wọ́n wo odò mẹ́ta tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì pín iṣẹ́ fún wọn bí bàbá ṣe ń pín iṣẹ́ oko. Ruhr ni yóò máa fún wọn ní omi mímu, nítorí náà a kò gbọ́dọ̀ bà á jẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Lippe ni yóò máa bu omi fún àwọn ipa omi ọkọ̀. Emscher ni yóò máa kó ẹ̀gbin. Wọn kò lè ri ọ̀pá omi ẹ̀gbin mọ́lẹ̀ bí wọ́n ti ṣe ní àwọn ìlú ńlá mìíràn, nítorí pé ilẹ̀ tó ń rì yóò máa ṣẹ́ ọ̀pá náà láìdáwọ́dúró. Omi ẹ̀gbin gbọ́dọ̀ wà ní ojú òfuurufú, kí wọ́n lè rí ibi tó bá bàjẹ́, kí wọ́n sì tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mú Emscher àti gbogbo odò kéékèèké tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀, wọ́n na gbogbo ìlọ́po rẹ̀ títí ó fi gún bí ọ̀pá, wọ́n walẹ̀ rẹ̀ jìn, wọ́n tẹ́ pẹpẹ sìmẹ́ǹtì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ẹ̀gbin lè máa yọ̀ lọ, wọ́n sì mọ òkìtì gíga sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì.

Lọ́dọ̀ wa, bí a bá fẹ́ kí ìlú tòrò, a máa ń gbé ẹbọ lọ sí etí odò. Ní àfonífojì Emscher, odò gan-an ni wọ́n fi rúbọ kí ìlú lè tòrò. A ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí fún ọjọ́ púpọ̀, a kò sì rí i pé ó jẹ́ àsọdùn. Kì í ṣe àìbìkítà ni ó pa odò yìí, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń rò pé gbogbo odò ṣe ń kú, pé ẹnì kan da ìdọ̀tí rẹ̀ síbẹ̀ lónìí, ẹlòmíràn da tirẹ̀ lọ́la. Ìpàdé ni wọ́n ṣe. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ni ó ya àwòrán rẹ̀. Òfin ni ó fọwọ́ sí i. Kí a sì má purọ́ mọ́ wọn, ẹbọ náà dà, ẹbọ náà fín: omi kò dúró mọ́ ní àgbàlá, àjàkálẹ̀ àrùn rọlẹ̀, ibà lọ pẹ̀lú àbàtà. Karl Imhoff, onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń bá ẹgbẹ́ yẹn ṣiṣẹ́, ni ó ṣe àgbá alájà méjì kan tí ẹ̀gbin ń sílẹ̀ nínú rẹ̀ tó sì ń jẹrà nísàlẹ̀; gbogbo ayé ni ó lò ó lẹ́yìn náà. Ní èdè Faransé a ń fi orúkọ Imhoff pè é. Àwọn Jámánì ń pè é ní kànga Emscher.

Ẹnu odò náà pàápàá, wọ́n gbé e kiri. Nígbà àtijọ́, Alsum ní Duisburg ni Emscher ti ń dà sínú Rhin. Nígbà tí ilẹ̀ ibẹ̀ rì tí omi kò lè jáde mọ́, wọ́n gbẹ́ ẹnu mìíràn fún un ní 1910 ní Walsum, ní ìsàlẹ̀ Rhin díẹ̀ síi, níbi tí Rhin fúnra rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Èédú tún tẹ̀ lé e débẹ̀, ilẹ̀ tún rì, wọ́n tún gbé ẹnu náà lọ sí Dinslaken ní 1949. Ẹnu àtijọ́ méjèèjì ṣì wà nínú àwòrán ilẹ̀ Duisburg. Emscher Àtijọ́ ni wọ́n ń pe ọ̀kan, Emscher Kékeré ni wọ́n ń pe èkejì. A fẹ́ràn láti fi èyí han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gbà pé ohun tó wà nínú àwòrán ilẹ̀ kì í yí padà.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, bí a ti ń gbé kẹ̀kẹ́ jáde, ẹ̀gbọ́n wa wá sọ ìdí ẹ̀rín rẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ dé Dortmund, ó gba yàrá kan létí ọ̀kan nínú àwọn odò kéékèèké tó ń wọ Emscher. Kò mọ̀ pé odò ni. "Ọ̀nà omi ìdọ̀tí ni mo pè é," ni ó wí, "odindi ọdún kan ni mo fi pè é bẹ́ẹ̀. Waya yí i ká, pátákó wà lára waya pé ikú ń bẹ níbẹ̀. Ní àsìkò ooru, a kì í ṣí fèrèsé. Mo wá gbọ́ tí ìyá àgbà kan tó ń gbé òkè wa pe orúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń pe orúkọ odò. Mo ní, Màmá, ṣé odò ni èyí? Ó ní, ọmọ mi, odò ni."

Àwọn ará ibẹ̀ ní orúkọ ìnagijẹ fún irú odò bẹ́ẹ̀, Köttelbecke. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ dáríjì wá: odò onígbẹ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Wọ́n fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀, gẹ́gẹ́ bí èèyàn ṣe ń fi àbùkù ara rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀ kí ẹlòmíràn tó fi í ṣe. Ẹ̀fẹ̀ náà kò sì bo ohun kan mọ́lẹ̀, pé kì í ṣe gbogbo èèyàn agbègbè Ruhr ni ó jọ gbóòórùn yẹn. Ní gúúsù, létí Ruhr, òkè àti igbó wà, ilé àwọn olówó sì wà níbẹ̀. Ní Essen, lórí òkè tó kọjú sí Ruhr, ni ìdílé Krupp, àwọn alágbẹ̀dẹ irin ńlá, kọ́ ààfin wọn sí. Àwọn tó ń sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò, àwọn ọmọ Pólándì, lẹ́yìn náà àwọn ọmọ Ítálì àti Tọ́kì, àríwá ni wọ́n ń gbé, létí Emscher. Títí di òní, àríwá agbègbè náà ni òṣì àti àìríṣẹ́ṣe pọ̀ sí. Bí wọ́n bá ní kí ìlú yan odò tí yóò fi rúbọ, ó máa ń yan èyí tó kọjá ní ojúde àwọn tí ohùn wọn kò ròkè. A kò rò pé Jámánì nìkan ni ó rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé létí omi mọ èyí tí ẹ ó fi wé e.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà ni pé èédú ń tán. Kòtò ń tì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn tó kù sì ń lọ sí àríwá jìnnà sí odò, ilẹ̀ àfonífojì Emscher bá sinmi. Bí ilẹ̀ bá ti sinmi, ọ̀pá lè wà lábẹ́ rẹ̀ láìṣẹ́. Àwáwí ọgọ́rùn-ún ọdún ti tán nìyẹn. Láti 1989 di 1999, ìjọba ìpínlẹ̀ náà ṣe iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n pè ní IBA Emscher Park, tí Karl Ganser darí, láti sọ àwókù ilé iṣẹ́ di ibi tí èèyàn lè gbé, tó sì lè najú. Ní 1992, ẹgbẹ́ olódò náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó jẹ́ ìdàkejì gbogbo ohun tó ti ṣe. Ẹ kíyè sí i: ẹgbẹ́ kan náà ni. Kì í ṣe pé àwọn ọlọ́gbọ́n kan dìde lé àwọn òmùgọ̀ kan lọ. Ọwọ́ tó so ó ni ó tú u.

Ọgbọ̀n ọdún ni títú náà gbà. Wọ́n kọ́ ilé ìfọ-omi ńláńlá. Wọ́n ri ọ̀pá omi ẹ̀gbin tó ju 400 kìlómítà lọ mọ́lẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú wọn gùn tó kìlómítà 51, láti Dortmund dé Dinslaken. Ní ọ̀pọ̀ ibi àgbàlagbà lè dúró ṣánṣán nínú rẹ̀ kó tún na ọwọ́ sókè. Kí ẹ̀gbin lè máa ṣàn fúnra rẹ̀, ọ̀pá náà ń sọ̀kalẹ̀ ní mítà kan àti ààbọ̀ ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ ìṣirò yóò rí i kíákíá pé, bí ó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ìsàlẹ̀ ilẹ̀ jíjìn ni yóò parí sí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́ ibi ìfami mẹ́ta sí ojú ọ̀nà rẹ̀, ní Gelsenkirchen, Bottrop àti Oberhausen, láti máa gbé omi náà sókè padà. Ibi tó jìn jù tó 40 mítà. Ní ìparí 2021 ni wọ́n kéde pé kò sí omi ẹ̀gbin kankan tó ń wọ Emscher mọ́. Owó tí gbogbo rẹ̀ ná wọn jẹ́ nǹkan bí bílíọ̀nù 5.5 yúrò, ìyẹn lé ní bílíọ̀nù 3,600 owó sẹ́fà. Nígbà tí a ka iye yìí fún ẹni tó wà pẹ̀lú wa, olùkọ́ ìṣirò, ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti igi, ó jókòó.

Lẹ́yìn tí ẹ̀gbin bá ti kúrò ni wọ́n ń yọ sìmẹ́ǹtì, tí wọ́n sì ń dá ìlọ́po díẹ̀ padà fún odò níbi tí àyè bá gbà á. Àyè kò gbà á níbi púpọ̀, ilé àti ojú irin ti gba ilẹ̀. Ní Hörde, ní Dortmund, a rí ibi tí wọ́n ti lọ jìnnà jù. Ilé iṣẹ́ irin ni ó wà níbẹ̀ láti 1841, inú ihò lábẹ́ rẹ̀ ni Emscher sì ń gbà kọjá. Wọ́n tì í ní 2001. Àwọn ará Ṣáínà wá tú ẹ̀rọ rẹ̀ palẹ̀, wọ́n kó o lọ sí ilẹ̀ wọn. Ibi tí ilé iṣẹ́ wà di adágún tó fẹ̀ tó hẹ́kítà 24, tí wọ́n ṣí ní 2011, Emscher sì ń ṣàn ní gbangba lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó dára láti wò. Ilé olówó gọbọi ni ó sì yí i ká. Ẹ̀gbọ́n wa fi ọwọ́ hàn wá pé àwọn tó ń gbé ní òpópónà ẹ̀yìn ibẹ̀, tí bàbá wọn ṣiṣẹ́ nínú iná yẹn, kò lè san owó ilé tó kọjú sí omi. Wọ́n fi odò jìyà pọ̀ nígbà tó ń rùn. Nígbà tó mọ́, ẹlòmíràn kó wá sí etí rẹ̀. A kò rí èsì sí ọ̀rọ̀ yìí nínú gbogbo pátákó ìkéde tí ẹnì kejì wa kà.

Inú ẹja kan ni a ti rí ìtùnú. Ẹja kékeré ni, ó gùn tó ìka ọwọ́, orí rẹ̀ tóbi ju ara lọ, kò sì lè léfòó nítorí pé kò ní àpò afẹ́fẹ́ nínú. Abẹ́ òkúta ni ó ń fara pamọ́ sí. Omi tó mọ́ tó sì tutù nìkan ni ó lè gbé. Gbogbo èèyàn rò pé irú rẹ̀ ti tán ní Emscher. Wọ́n wá rí díẹ̀ nínú wọn ní òkè odò Boye, ní Bottrop, nínú ìwọ̀nba omi tí ẹ̀gbin kò dé. Fún ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n fi há síbẹ̀, tí ìsàlẹ̀ wọn jẹ́ ikú, tí wọn kò sì ní ọ̀nà lọ síbòmíràn. Àwọn onímọ̀ rí i pé àrà ọ̀tọ̀ ni wọ́n láàrin irú wọn. Wọ́n ti kó lára wọn lọ sí àwọn odò kéékèèké mìíràn tí a ti tún ṣe, wọ́n sì ń bí. Àwa kò rí ìkankan nínú wọn. Lámilámi ni a rí, aláwọ̀ búlúù, tó pọ̀ débi pé wọ́n ń kọlu ọwọ́ kẹ̀kẹ́ wa.

Ó ku ohun kan tí kò ní àtúnṣe. Ní oṣù Kejìlá 2018 ni wọ́n ti kòtò èédú tó kẹ́yìn, Prosper-Haniel ní Bottrop. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó ti rì kò ní gòkè padà. Bí wọ́n bá pa ẹ̀rọ afami ní agbègbè Emscher, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ilẹ̀ náà ni omi yóò bò, pẹ̀lú ilé àti ilé ìwé àti pápá bọ́ọ̀lù. Nítorí náà ẹ̀rọ wọ̀nyẹn ń fa omi lọ́sàn-án lóru, wọn yóò sì máa fà á níwọ̀n ìgbà tí èèyàn bá ń gbé ibẹ̀. Àwọn Jámánì ní orúkọ fún irú iṣẹ́ yìí, iṣẹ́ ayérayé ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì dá àpò owó ńlá kan sílẹ̀ ní 2007 tí yóò máa san owó rẹ̀. Ní Oberhausen a dúró lórí òkìtì odò, a wo òrùlé ilé tó rẹlẹ̀ ju omi ẹ̀yìn wa lọ. Ìyàwó ilé kan ń sá aṣọ. Kò wo ọ̀dọ̀ wa, kò wo ọ̀dọ̀ omi.

Èédú tí ìran mẹ́rin tàbí márùn-ún wà jẹ. Owó ayérayé. Olùkọ́ ìṣirò wa ní kò sí bí òun ṣe lè ṣe ìdọ́gba yẹn kó gbà.

A mọ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ wa yóò sọ: òyìnbó lówó, ìdí nìyẹn tí odò wọn fi mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ní òótọ́ nínú. Ṣùgbọ́n wọ́n lówó ju èyí lọ fún ọgọ́rùn-ún ọdún tí odò yẹn fi ń rùn. Owó ni ó sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Ohun tí a kò rí lọ́pọ̀ ibi, tí àwa rò pé ó yẹ kí a fi jowú wọn, ni àwọn ará òkè odò àti àwọn ará ìsàlẹ̀ odò tó ń jókòó sí ìpàdé kan náà láti 1899, tí ìwé owó wọn wà ní ṣíṣí, tí ẹni tó bà á jẹ́ sì mọ iye tí òun jẹ. Ìpàdé yẹn ṣe ibi, ìpàdé yẹn náà ni ó rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tó fẹ́ ṣe rere. Ibi tí kò sí ìpàdé, ta ni èèyàn yóò lọ bá?

Ní ọjọ́ kẹrin a dé ẹnu odò. Ẹnu tuntun ni èyí pẹ̀lú, wọ́n ṣí i ní 2022, ní àríwá èyí tí wọ́n gbẹ́ ní 1949. Ní ẹnu ti àtijọ́, omi ń já lulẹ̀ láti òkè wọ Rhin, ó ga tó mítà mẹ́fà, ẹja kankan kò sì lè gòkè wọlé. Wọ́n wá tẹ́ ilẹ̀ gbalasa fún un níbẹ̀, kí ó lè tàn kálẹ̀ kó sì wọ Rhin ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n wa ti wọ ọkọ̀ ojú irin wá pàdé wa, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ọmọ náà bọ́ bàtà, ó fẹ́ wọ inú omi. Bàbá rẹ̀ kọ̀ fún un, nítorí pé òfin kò tíì gba ìwẹ̀ níbẹ̀, Rhin sì ń fani lọ. Ọmọ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní èdè Jámánì pé kí ló dé tí àwọn àgbàlagbà fi ń pe odò yìí ní odò onígbẹ́. Bàbá dá a lóhùn ní Yorùbá, ó ní ìtàn náà gùn, kó kọ́kọ́ wọ bàtà rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi kan tó ru ẹrù ń gòkè bọ̀ láti ìhà Họ́láńdì, ó rọra kọjá níwájú wa, ìgbì rẹ̀ sì ti omi Emscher padà sẹ́yìn díẹ̀ kó tó jẹ́ kó wọlé.